Ṣaworo Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Àṣàkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Má kà á nínú bọ́ọ̀sì, má sì kà á níbi tí o ti ń di ẹrù, torí mo mọ̀ ọ́: wàá ka ìlà mẹ́ta, wàá ní "Mọ́mì ti tún bẹ̀rẹ̀," wàá sì jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ Sátidé lò ń kó lọ sí Leicester. Wẹ́sìdé la wà yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe, ọjọ́ Jímọ̀ ló gbọ́dọ̀ parí, nítorí náà mi ò ní fi ìkíni gígùn jẹ àsìkò wa. O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ pé kí o máa wọn èémí àwọn èèyàn, ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìlèmí dáadáa ni wọ́n gbà. Wọn ò ṣàṣìṣe.

Báàgì pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí, má tíì tú u. Kà dé ìparí ná.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mò ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́, o wọlé, o ní, "Mọ́mì, ìwé búlúù yẹn dà, èyí tí ẹ máa ń kọ nọ́ńbà èémí mi sí?" O ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n máa ń ní kí òṣìṣẹ́ tuntun sọ ohun tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà, àti pé ìwé yẹn lo fẹ́ fi hàn wọ́n. Mo bá ọ wá a jáde. O ń ṣí i, o ń rẹ́rìn-ín, títí o fi dé ibi tí àwọn nọ́ńbà ti já wálẹ̀. O fi ìka tọ́ ọ. O ní, "Ẹ wò ó. Táàmù tí Àǹtí Malini lé mi nìyí. Màá sọ ìyẹn náà fún wọn."

Mo kọ ẹ̀yìn sí ọ, mò ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná.

Nímọ́tà, Àǹtí Malini tó kọ́ ọ níjó ò lé ọ. Èmi ni mo mú ọ kúrò níbẹ̀, mo sì parọ́ mọ́ ọn. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń gbé e kiri. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà màá gbà ọ́ nímọ̀ràn, nítorí ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ, inú ìwà burúkú yẹn gan-an ló ti wá.

Nígbà tí o wà ní kékeré, àjà kẹta là ń gbé ní Peckham níhìn-ín, líìfù kì í sì í ṣiṣẹ́. Orí gbogbo ìdúró àtẹ̀gùn lo ti máa ń sinmi. Màá gbé àpò ìwé rẹ, màá máa wo aago. O mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo kàwé gboyè lórí okòwò, iṣẹ́ mi ni láti máa ṣe rótà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé wọn, bí ẹnì kan bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ ẹni tí màá pè. Àmọ́ ikọ́ fée tìrẹ yìí, kò sí ẹni tí mo lè pè kí n pariwo mọ́. Ni mo bá sọ ọ́ di iṣẹ́. Mo ra ìwé búlúù, mo fa ìlà sí i. Láràárọ̀, wàá fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kékeré olónọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì fún wa, èmi á kọ ibi tí atọ́ka rẹ̀ dé. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì ni mo ṣe é: yí nǹkan kan ṣoṣo padà, dúró, kí o wo àbájáde. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Mo kó ìrọ̀rí dànù. Mo fi lọ́fínńdà sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í din ata ní bálíkónì, nínú òtútù, tí ìyá tó ń gbé lókè wa fi yọrí bi mí bóyá ilé wa ti jó.

Nọ́ńbà ò kúrò lójú kan.

Ìgbà yẹn ni obìnrin ará Íńdíà kan wá jó fún yín ní ilé ìwé. O dé ilé lọ́jọ́ náà, o ní ijó yẹn lo fẹ́ kọ́. Mo ní, "Ìwọ tí o ò lè gun àtẹ̀gùn?" O ní, "Mọ́mì, ijó ni, kì í ṣe àtẹ̀gùn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń da ilé rú. Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí o lọ, bí ínhélà bá ti wà nítòsí. Mo mú ọ lọ sí gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ni ní New Cross pẹ̀lú èrò pé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, á ti sú ọ.

Mo jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́bàá ògiri, kóòtù mi ṣì wà lọ́rùn. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á máa fò kiri. Rárá. Àǹtí Malini ní kí ẹ tẹ orúnkún síta, kí ẹ dúró bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àga, kí ẹ̀yìn yín nà, kí èjìká yín wálẹ̀. Ó wá ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹnu ka ìlù ijó náà sókè, "tai-ya-tai-hi, tai-ya-tai-hi," láì jẹ́ kí ohùn já. Ẹni tó bá ń gbé èjìká sókè láti mí, kò lè ka ìlà kan tán. Ìwọ ò kà á dé ìdajì. Mo ti mú ínhélà dání, mo ti ń dìde. Obìnrin yẹn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó mú ọwọ́ rẹ méjèèjì, ó gbé wọn lé ìhà ara rẹ̀. Ó ní, "Níbí yìí ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ṣé o rí i bó ṣe ń ṣí? Jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé ọ."

O dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ wà ní ìhà obìnrin mìíràn, ojú rẹ sì là bí ẹni tí wọ́n sọ àṣírí kan fún. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé ọ sábẹ́ ìhà tèmi, o ò fọwọ́ kàn mí rí láti mọ bí mo ṣe ń mí. Mo mú àpò mi, mo lọ dúró sí ìta.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò yára, kó má di pé mò ń sọ àsọdùn, àmọ́ ó ń gòkè. Lọ́jọ́ kan, o gun àtẹ̀gùn wa dé òkè láì sinmi, o sì ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún látọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ? "Àǹtí Malini ní báyìí. Àǹtí Malini ní tọ̀hún."

Mo jowú, Àṣàkẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kedere kí o má baà wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù ú lọ bá mi. Nínú ilé wa, èmi ni mo ni gbogbo ohun tó korò: èmi ni mò ń jí ọ, èmi ni mò ń ní kí o fẹ́ páìpù, èmi ni mò ń ní kí o má jẹ ayisikirimu. Òun ló ni ṣaworo ẹsẹ̀. Ó tún ń fi èdè wọn pè ọ́ ní "kanna." Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Rye Lane, ó ní orúkọ ìkẹ́ ni, bí ẹni ń sọ pé olólùfẹ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Àṣàkẹ́. O rò pé láti kékeré ni. Rárá. Oríkì tí ìyá àgbà fún ọ, mo ti pa á tì láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Obìnrin yẹn ló jẹ́ kí n gbé e jáde.

Dádì rẹ rí mi. Ó ní, "Ìyá Nímọ́tà, ọmọ yìí ń mí. Kí lo tún ń fẹ́?" Mo ní ère kan wà ní igun gbọ̀ngàn yẹn, àti pé Mùsùlùmí ni wá. Àwáwí lásán ni. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ ọ́, obìnrin náà ti rí ìbòrí mi, ó sì ti gbé ère náà lọ sí yàrá kejì. Kò fi ẹ̀sùn kankan sílẹ̀ tí mo lè dì mú.

Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo ṣe ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún ara mi pé ó lè máà jẹ́ ijó náà. Ó lè jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí mo ká, ó lè jẹ́ ata bálíkónì, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń so èso díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí màá fi mọ̀ ni kí n yọ ijó kúrò fún táàmù kan. Mo sọ fún obìnrin náà pé o ní lẹ́sìnnì ìdánwò. Mo padà sílé, mo sọ fún ọ pé ó ní kíláàsì ti kún, pé ó ti mú àwọn tó fẹ́, àti pé o ò sí nínú wọn.

O ní, "Ṣé ó dárúkọ mi?"

Mo ní, "Ó dárúkọ rẹ."

O lọ já ṣaworo rẹ lára ògiri, o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí ìwé búlúù, mo fa ìlà tuntun. Láràárọ̀ ni mò ń wo atọ́ka yẹn, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sókè nítorí tèmi. Kò dúró.

Ọ̀sán Sátidé kan la wà ní Rye Lane, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹja. O dì mọ́ òpó, o ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin ẹlẹ́ja da àpótí kan délẹ̀, ó fi ọ́ jókòó. Èmi fi ínhélà sí ọ lẹ́nu, mò ń pariwo, "Mí! Nímọ́tà, mí jàre!" bíi pé o pẹ́ dé ibi iṣẹ́. O mi orí sí mi. O wò mí bí ẹni ń sọ pé kí n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí èjìká rẹ ń rọra wálẹ̀, tí ètè rẹ ń mì láì sí ohùn. Tai-ya-tai-hi. Obìnrin tí o gbà pé ó lé ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lo dì mú lójú mi. Ámbúláǹsì dé, wọ́n fi nǹkan bò ọ́ nímú, ara rẹ balẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, nínú ọkọ̀ yẹn gan-an, mo di ọwọ́ rẹ mú, mo sì ń jowú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá a ní New Cross. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí ìdúró, ní kúkúrú, bí mo ṣe máa ń jábọ̀ níbi iṣẹ́. Kò pariwo. Ó ní, "Kí lẹ sọ fún un nípa mi?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ mú un wá lọ́la. Kó má gbàgbé ṣaworo rẹ̀."

O rántí ọ̀la yẹn. O dúró níwájú rẹ̀, o bi í lójúkojú pé, "Kí ló dé tí ẹ fi lé mi?" Èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbójú sókè wò mí, ojú wa pàdé, ó wá sọ fún ọ pé, "Àṣìṣe mi ni. Mo ka iye àwọn ọmọ kíláàsì mi, mi ò kà á dáadáa. Má bínú."

Ó gba ẹ̀bi mi rù, láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mi ò lè dárí jì í nìyẹn. Ká ní ó tú mi fó ni, à bá ti parí ìjà náà lọ́jọ́ yẹn.

O padà síbi ijó, àmọ́ o ò padà bákan náà. Nígbà tó ní kí o múra fún ijó àdájó, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ń fi ara rẹ̀ hàn níwájú èrò, o kọ̀. Nígbà tó ní kí o wá gba kíláàsì àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́ òun, o wá bá mi ní kíṣínì, o ní, "Mọ́mì, allow it, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó lé mi lẹ́ẹ̀kan lè lé mi lẹ́ẹ̀mejì." Mo gbọ́. Mo ní kí o bá mi gbé iyọ̀.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn wá kàn.

Èkíní. Má dán ẹnikẹ́ni wò láì sọ fún un. Àwọn tó máa wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ rẹ, sọ ohun tí o ń wá fún wọn, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tèmi yẹn kò tilẹ̀ dáa lójú ẹni tó mọ iṣẹ́. Òtútù wọlé nínú táàmù yẹn, o ò fẹsẹ̀ rìn lọ sí New Cross mọ́, inú rẹ sì bàjẹ́. Nǹkan mẹ́rin ló yí padà, èmi ń pè é ní ẹyọ kan. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, pé ijó kì í lé ikọ́ fée lọ, ínhélà ṣì ni ínhélà, pé ohun tí ijó yẹn ṣe ni pé ó kọ́ àwọn iṣan tó ń ṣí ìhà bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó mú kí ẹ̀yìn rẹ nà, ó sì kọ́ ọ láti tú èémí jáde tán kí o tó fa òmíràn. Mo mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo ti rí i látorí àga onírọ́bà yẹn.

Èkejì. Ṣọ́ ojú rẹ. Nígbà tí o bá fẹ́ páìpù tán láàárọ̀, o kì í wo nọ́ńbà, ojú mi lo máa ń wò. Bí mo bá fajú ro, èjìká rẹ á gòkè, èyí tí o bá tún fẹ́ á sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ọdún mélòó ni mo fi ń fi ojú mi gba èémí rẹ? Àǹtí Malini ò bi mí ní nọ́ńbà rẹ rí, ní ọjọ́ kan. Bí arúgbó kan tàbí ọmọdé kan bá jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ ní Leicester, jẹ́ kí ojú rẹ balẹ̀ kí ó lè rí ibi tí yóò mí sí.

Èkẹta, èyí le. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn á ṣe ohun tí ìwọ ò lè ṣe fún ẹni tí o fẹ́ràn jù. Ó lè jẹ́ fún ọkọ rẹ, ó lè jẹ́ fún ọmọ rẹ. Á dùn ọ́. Jẹ́ kó dùn ọ́, àmọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí o bá fi í falẹ̀, ọpẹ́ yẹn á di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ. Èmi tí mò ń bá àwọn èèyàn jà nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọdún méjìlá ni mo fi pẹ́ lórí èyí.

Mi ò tíì tẹ́ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo pàdé Àǹtí Malini ní Rye Lane, níwájú ibi tí mo ti ń ra iṣu. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ń padà lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Íńdíà, kò ní bọ̀ mọ́. Ó yọ ìdì kan nínú àpò, ó ní, "Ṣaworo tí olùkọ́ mi fún mi nìyí. Ẹ bá mi fún Nímọ́tà. Ẹ sọ fún un pé kó má dá a padà." Mo gbà á. Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn àpótí. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ rẹ dí. Ọ̀sẹ̀ méjì, Àṣàkẹ́. O ń wọlé, o ń jáde, mo ń fún ọ ní ṣíìtì tuntun àti abọ́, ṣaworo ń bẹ lẹ́yìn àpótí. Bó o bá tọ́jú ìwé yìí, tọ́jú apá ibí yìí pẹ̀lú, kí o lè mọ bí owú ṣe ń rí lára àgbà obìnrin tó ń kírun.

O lè tú báàgì pupa wàyí.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni kíláàsì rẹ̀ ìkẹyìn ní New Cross, aago mẹ́rin ni wọ́n ń parí. Mo ti pè é lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Mo ní mo ti kọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ó wá ní, "Ṣé ó ṣì fẹ́ràn bísíkíìtì alátalẹ̀?"

Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn bísíkíìtì alátalẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ bá a. Béèrè ohun tí o bá fẹ́ béèrè, sọ ohun tó yẹ kí o ti sọ fún un láti ìgbà yẹn. Bí o bá sì máa fi ìwé búlúù yẹn han àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ, sọ táàmù yẹn bó ṣe rí, kí o dárúkọ mi. Mo ti se mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ de alẹ́ Jímọ̀, àmọ́ mi ò ní pè ọ́. Mi ò ní tẹ "o dà?" ránṣẹ́. Mi ò ní wo aago. Dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe wù ọ́ tó. Bí inú ṣì ń bí ọ nígbà tí o bá dé, bí o ṣe ń bínú náà ni kí o wọlé, ilé rẹ ni. Má bínú, ọmọ mi. Mo ṣe ọ́ ní aburú, mo sì ṣe obìnrin yẹn ní aburú.

Ó ku ẹyọ kan, lẹ́yìn náà mo ti parí. Kí o tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́ kí n gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé ìhà rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí o mí bí o ṣe máa ń mí. Mi ò ní mú bírò dání.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ.